Nọ́ńbà Kan Tó Yẹ Kó Jẹ́ Méjì

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni obìnrin náà ti fi ń ya àwòrán irin. Àwòrán rẹ̀ kò ní ojú, kò ní àwọ̀, kò sì sí ẹni tó máa gbé e kọ́ sára ògiri. Ìlà ni, pẹ̀lú nọ́ńbà wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ á gbé e síwájú, wọ́n á gé irin, wọ́n á gbẹ́ ẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, títí irin náà á fi dà bí ohun tó yà. Pọ́ǹpù ni ilé iṣẹ́ wọn ń ṣe, àwọn ńlá tó ń fa omi láti inú odò lọ sínú táǹkì ìlú.

Ọ̀gá Pẹ́ńsù ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló sọ ọ́ lórúkọ yìí, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i tó fi pẹ́ńsù há etí bíi káfíńtà. Ẹ̀gbọ́n náà fúnra rẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ tó ń fi òkúta lọ irin ló ń dúró sí, irin tó bá sì ti ọwọ́ rẹ̀ jáde máa ń dán débi pé o lè ka eyín rẹ lára rẹ̀. Dígí ni wọ́n ń pè é. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sí ibi iṣẹ́ pẹ̀lú irùngbọ̀n wúruwùru, wọ́n á ní kó lọ yá ọ̀pá kan lọ́wọ́ Dígí kó fi wo ojú fá a.

Dígí ló mú àbúrò rẹ̀ wọ ilé iṣẹ́ náà. Nígbà tí bàbá wọn kú, òun ló fi ilé ìwé sílẹ̀ kí èyí àbúrò lè máa bá tirẹ̀ lọ. Kò fi ṣe nǹkan bàbàrà, kò sì sọ ọ́ lẹ́yìn náà fún ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, ó mú màíkírómítà rẹ̀ wálé, ohun ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń mọ bí irin ṣe nípọn tó. Ó fa fọ́nrán irun kan yọ lórí màmá wọn, ó fi há ẹnu màíkírómítà náà, ó ní kí àbúrò ka iye tó wà lára rẹ̀.

Màmá wọn ní, "Ẹ ti ń wọn irun mi báyìí. Ó kù kí ẹ wọn orí fúnra rẹ̀, kí ẹ mọ bóyá ọpọlọ ṣì wà níbẹ̀."

Irun náà jẹ́ àádọ́rin nínú ìwọ̀n kan tí ẹgbẹ̀rún rẹ̀ fi ń di mìlímítà kan ṣoṣo. Àwọn oníṣẹ́ irin ń pè é ní máíkírọ́ọ̀nù. Ọmọbìnrin náà kò gbàgbé. Ó lọ kọ́ ìwé nípa rẹ̀, nígbà tó sì parí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú un lọ bá àwọn ọ̀gá.

Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyí. Bí a bá ní kí ọ̀pá kan nípọn ní ogójì mìlímítà, kò sí ọwọ́, kò sì sí ẹ̀rọ, tó lè ṣe é ní ogójì rẹ́gí. Ó máa lé díẹ̀, tàbí kó dín díẹ̀. Ayàwòrán ló máa sọ iye tó lè fi lé tàbí tó lè fi dín tí a ó fi dárí jì í. Àyè ni wọ́n ń pe ìdáríjì yìí níbi iṣẹ́. Bí àyè bá fẹ̀ jù, ọ̀pá á máa mì nínú ihò rẹ̀ bí eyín arúgbó. Bí ó bá há jù, ẹni tó ń lọ irin á fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta. Ayàwòrán náà ló tún máa sọ bí ọ̀pá ṣe gbọ́dọ̀ rí róbótó tó, bí ó ṣe gbọ́dọ̀ tọ́ tó láti orí dé ìdí, àti bí ojú rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ dán tó.

Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ̀rù ń bà á, àyè tó há jù lọ ló ń fún gbogbo nǹkan. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Dígí gòkè wá sí yàrá ìyàwòrán tòun ti ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ tó kún fún òróró, ó tẹ́ ìwé sórí tábìlì rẹ̀.

"Àbúrò mi, ìdí ọ̀pá tí o yà síbí yìí, kí ló fẹ́ kàn án?"

"Kò sí nǹkan tó fẹ́ kàn án, ẹ̀gbọ́n mi."

"Inú òkùnkùn ló máa wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O wá ní kí n lọ̀ ọ́ kó dán bí àwo. Àlejò wo lo fẹ́ fi í hàn?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó mú rọ́bà ìpàwérẹ́, ó pa nọ́ńbà rẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró tì í, ó fi ìka tọ́ka sí ibi kọ̀ọ̀kan lórí ìwé: ibí yìí máa kan irin mìíràn, há a, ibí yìí afẹ́fẹ́ nìkan ló máa kàn án, jẹ́ kó mí, ibí yìí, bí ó bá wọ́ díẹ̀, gbogbo ẹ̀rọ á máa gbọ̀n, má gbà fún un rárá.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí Dígí kì í gòkè wá pẹ̀lú ìwé lábẹ́ apá. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, òkìkí Ọ̀gá Pẹ́ńsù ń kàn. Wọ́n ní àwòrán rẹ̀ kì í mú kí wọ́n ba irin jẹ́, wọ́n ní ó mọ àyè yàn ju àwọn tó kàwé jù ú lọ. Ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ìdajì ìyìn yẹn, ìsàlẹ̀ ló ti wá. Kò bá ẹnì kankan sọ ọ́ lókè. Kò sì sí ẹni tó bi í.

Lára àwòrán tó ń yà lóòrèkóòrè ni ọ̀pá tó ń yí láàárín pọ́ǹpù. Rọ́bà róbótó kan máa ń dì mọ́ ọ̀pá yìí lára kí omi má bàa já sínú òróró. Síìlì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Ibi tí síìlì ti ń kan ọ̀pá kò gbọ́dọ̀ rí ṣákiṣàki, torí á ha rọ́bà títí á fi jẹ tán. Ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ dán jù pẹ̀lú. Irin tó bá dán jù kò ní kòtò tóótòòtó tí òróró lè fara pamọ́ sí, rọ́bà á wà lórí irin gbígbẹ, á gbóná, á jó. Nítorí náà, nọ́ńbà méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀: má ṣe ṣákiṣàki ju báyìí lọ, má sì dán ju báyìí lọ. Àwọn ará ilé iṣẹ́ kàn máa ń pe àkọ́kọ́ ní mẹ́fà, wọ́n á pe ìkejì ní méjì. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni irin ṣe ń dán tó.

Lórí àwòrán wọn, mẹ́fà nìkan ló wà. Bẹ́ẹ̀ ló ti rí kí Ọ̀gá Pẹ́ńsù tó dé, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń dà á kọ lọ́dọọdún. Kò sì sí ewu tó ti ibẹ̀ wá, nítorí pé ẹ̀rọ àtijọ́ tí Dígí ń lò, bó ti wù kí ó fi sùúrù lọ̀ tó, kò lè mú irin dán kọjá mẹ́ta. Àárẹ̀ ẹ̀rọ yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ nọ́ńbà kejì. Nígbà tó sì jẹ́ pé ẹ̀rọ kì í buwọ́ lùwé, kò sí ẹni tó mọ̀ pé nọ́ńbà kan sọnù.

Ìgbà tó yá, ilé iṣẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun. Funfun báláú ni, ó ní ilẹ̀kùn gíláàsì, omi ń tú sára irin fúnra rẹ̀. Dígí ń nù ún láàárọ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó lọ ọ̀pá pọ́ǹpù kan dán wò, ó wọ̀n ọ́n. Kò tó ọ̀kan. Ó gbé e dání, ó gòkè lọ.

Ọjọ́ náà kò dára fún àlejò. Ìjókòó igbákejì ọ̀gá ṣófo ní yàrá ìyàwòrán, ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì dúró lẹ́yìn Ọ̀gá Pẹ́ńsù, ó ń yẹ àwọn ìwé rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin náà mọ ìdí tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkàn rẹ̀ wà nínú ìjókòó yẹn. Ó gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀gá Pẹ́ńsù! Ọ̀rọ̀ kan wà o. Wo nǹkan yìí. Ibi tí síìlì máa jókòó sí, ìwé ní mẹ́fà, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tuntun yìí lè mú un dé ibi tí ojú kò tó. Ṣé òùngbẹ ò ní pa rọ́bà yẹn báyìí?"

Ọ̀gá gbé ojú sókè. Ó wo ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo òróró tó ń kán láti ara ọ̀pá sórí ilẹ̀, ó tún wo obìnrin náà.

Ọ̀gá Pẹ́ńsù rò ó nínú ara rẹ̀. Bí wọ́n bá rí i tí ẹni tó ń lọ irin ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ rẹ̀ lónìí, kí ni wọ́n á sọ? Kò tilẹ̀ wo ọ̀pá náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, irin ni ẹ̀ ń lọ̀, èmi ni mò ń kọ nọ́ńbà. Ohunkóhun tó bá ti wà lábẹ́ mẹ́fà, ó dáa. Ẹ tẹ̀ lé ohun tó wà nínú ìwé."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín ní igun yàrá. Dígí fi ọ̀pá náà há abíyá.

"Ó dáa," ló wí. "Ohun tó wà nínú ìwé." Ó yípadà, ó lọ.

Wọ́n lọ ogójì ọ̀pá. Ogójì pọ́ǹpù jáde nílé iṣẹ́, ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pín omi fún ìlú kan. Kò pé oṣù mẹ́ta tí àkọ́kọ́ fi padà, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn tí gbogbo wọn fi padà. Nígbà tí wọ́n tú wọn, síìlì ti jó gbẹ bí èèpo, òróró inú rẹ̀ ti funfun bíi wàrà nítorí omi tó dà pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọ̀pá náà ṣì ń kọ mànà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, máníjà pe ìpàdé. Ọ̀pá kan wà lórí tábìlì, àwòrán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dígí jókòó ní ìkángun, ó ti wẹ ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi pọ́n. Ọ̀gá yàrá ìyàwòrán jókòó sápá ọ̀tún máníjà, Ọ̀gá Pẹ́ńsù sì tẹ̀ lé e.

Máníjà gbé ọ̀pá náà. "Ta ló lọ èyí?"

"Èmi ni, sà," ni Dígí wí.

"Ó dán."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dán jù. Ta ló ní kó dán tó báyìí?"

Ọ̀gá yàrá ìyàwòrán wúkọ́. "Sà, àwòrán kò ní kó di dígí. Àwòrán ní kó má ju mẹ́fà lọ. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ bíi tirẹ̀ yẹ kó mọ̀ pé síìlì nílò òróró. Tí kò bá dá a lójú, ó yẹ kó béèrè."

"Ṣé ẹ béèrè, bàbá?" ni máníjà bi Dígí.

Ó kéré tán, ènìyàn mẹ́fà nínú yàrá ìyàwòrán ló gbọ́ ọ nígbà tó béèrè. Ọ̀gá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán yìí gbọ́ ọ. Ọ̀gá Pẹ́ńsù la ẹnu. Ó ní ohun tó fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Dígí wo ojú rẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó tún wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, sà," ló wí.

Obìnrin náà pa ẹnu dé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí ìpàdé bá tán, òun á lọ bá máníjà nìkan. Nígbà tí ìpàdé tán, máníjà ní àlejò. Ní ọjọ́ kejì, ó rìnrìn àjò. Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́tà méjì jáde láti ọ́fíìsì kan náà: ọ̀kan lé Dígí kúrò níbi iṣẹ́ nígbà tó ku ọdún mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì, èkejì sọ àbúrò rẹ̀ di igbákejì ọ̀gá.

Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jókòó sórí àga tuntun kó tó lè dìde. Nígbà tó dìde, ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

"Sà, ẹ̀bi ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù yẹn, èmi ló ni ín. Ó bi mí. Ìwé wa kò pé."

Ọ̀gá kò gbé ojú kúrò lórí iṣẹ́ rẹ̀. "Mo mọ̀. Ṣé mi ò sí níbẹ̀ ni? Orúkọ ta ló wà nísàlẹ̀ àwòrán yẹn, pé ó ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì dára?"

"Tiyín, sà."

"Ẹ ṣeun. Ẹ lọ fi nọ́ńbà kejì síbẹ̀. Níbi tí a ti ń kọ ìdí tí a fi tún un ṣe, ẹ kọ 'àtúnṣe kékeré'."

Ó lọ fi nọ́ńbà kejì síbẹ̀. Ó kọ 'àtúnṣe kékeré'. Ṣùgbọ́n kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti da ìwé àtijọ́ kọ, ó sì mú bébà mìíràn, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gòkè wá, ohun tó béèrè, èsì tó fún un, àwọn tó wà níbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ọkùnrin náà kò mọ̀ dájú pé síìlì á jó, pé ó kàn tẹ̀ lé àṣẹ ni. Ó buwọ́ lù ú. Bí Dígí bá gbé ìwé yìí tọ máníjà lọ, wọn kò ní lè ṣàì dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó mọ ohun tí òun náà máa pàdánù, ó ti gbà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Dígí jókòó sí ẹ̀yìnkùlé lórí àpótí, ó ń fi òkúta pọ́n sísọ́ọ̀sì fún télọ̀ àdúgbò. Ó dá a lóhùn nígbà tó kí i, ó sì fi àgbọ̀n júwe àga fún un. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá, ó wo ojú àwọn méjèèjì, ó padà sínú ilé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi ka èyí."

Ó nu ọwọ́, ó gba ìwé, ó kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, jẹ́jẹ́. Ó wá ká a sí méjì, ó gbé e lé itan.

"O kọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí kò rí bẹ́ẹ̀."

"Ibo ni? Màá tún un kọ."

"Ibi tí o ti ní mi ò mọ̀."

Obìnrin náà wo ìwé tó wà lórí itan rẹ̀.

"Mo mọ̀," ni Dígí wí. "Ta ló tún fẹ́ mọ̀ bí èmi ò bá mọ̀? Mo sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀dọ̀ yín lókè lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín ẹni yẹn ṣì ń dún létí mi. Mo ní, ó dáa. O ní kí n tẹ̀ lé ohun tó wà nínú ìwé. Mo yí ẹ̀rọ sí ibi tó ti ń mú irin dán jù lọ. Kí n tó lọ àkọ́kọ́, mo ti mọ̀ pé rọ́bà yẹn á jó. Mo lọ̀ ọ́ títí ó fi pé ogójì."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé?"

"Mo fẹ́ kí wọ́n gbé e padà wá sórí tábìlì ẹ. Mo fẹ́ kí ọ̀gá yẹn àti gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín rí i pé ìwọ lo ṣì í, kí wọ́n ní, 'Ẹ pe Dígí kó wá bá wa wò ó.' Ohun tí mò ń retí nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Mi ò rò ó kàn pé o máa dákẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ ò bi mí!"

"Mo wo ojú ẹ. Mo rí i pé o ò ní sọ ọ́. Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí èmi pẹ̀lú ẹ máa jà níwájú àwọn yẹn, kí wọ́n máa wò wá?"

"Màá kọ òmíràn. Màá kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, tèmi àti tiyín."

"Àbúrò, ronú. Báyìí, wọ́n ní mo ṣe iṣẹ́ tí kò dáa. Bí o bá kọ ọ́ bó ṣe rí, wọ́n á ní mo mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́. Ogójì pọ́ǹpù. Ọlọ́pàá ni wọ́n á fi mú mi." Ó na ìwé náà sí i. "Bí mo bá sì gbé èyí lọ bó ṣe wà yìí, irọ́ ni mo gbé lọ. Mú un lọ."

"Kí ni kí n wá fi ṣe?"

"Ìwọ lo mọ̀. Ìwọ lo kọ ọ́."

Ó tún gbé sísọ́ọ̀sì. Obìnrin náà dìde. Ó fi ìwé sínú báàgì, ó dágbére fún ìyàwó ilé láti ojú fèrèsé, ó lọ.

Ó ti pé ọdún méjì báyìí. Wọn kò jà, kò sì sí ará ilé tó mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé, ẹ̀gbọ́n á béèrè àwọn ọmọ, àbúrò á béèrè ara. Màmá wọn kò tíì dárí ji ilé iṣẹ́ náà. Bí àwọn méjèèjì bá jókòó tì í ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀: ọmọ òun fi gbogbo agbára rẹ̀ sìn wọ́n, wọ́n jù ú nù bí àkísà. Á ní Ọlọ́run ṣe é, ọ̀kan ṣì kù níbẹ̀ tó di ọ̀gá. Lẹ́yìn náà, á na ọwọ́ méjèèjì, á gbé wọn lé orí ọmọbìnrin rẹ̀, á gbàdúrà pé kí ẹni tó ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léṣe má ṣe rí àbúrò náà mú.

Àwọn ọmọ méjèèjì á wo ilẹ̀, wọ́n á sì ṣe àmín.